KÍ WỌ́N TÓ DÁ ÒṢÌṢẸ́ LẸ́BI, KÍ WỌ́N KỌ́KỌ́ WỌN WÁYÀ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníná nìkan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ wáyà ni, ọ̀rọ̀ mítà ni, ṣùgbọ́n ní ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó-oṣù ni, ọ̀rọ̀ orúkọ rere ni, ọ̀rọ̀ bí àwọn ọ̀gá ṣe ń gbé ẹ̀bi ẹ̀rọ ru ènìyàn ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Èmi kì í ṣe oníná, kò kàn mí." Ohun tó bá ojú ti bá imú.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ilé ńlá kan wà ní ìhà Ring Road níhìn-ín ní Ìbàdàn. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lórí tábìlì láàrin ẹgbẹ́ wa àti àwọn aláṣẹ ibẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, wà ní ẹ̀ka àtúnṣe. Gbọ̀ngàn ìpàdé kan wà nínú ilé náà tí ẹ̀rọ amúlétutù ńlá ń mú tutù, kọ̀ntírólà ni ó sì ń darí ẹ̀rọ náà. Ẹni tí kò bá mọ kọ̀ntírólà, àpótí kékeré kan ni tí wọ́n kàn mọ́ inú páńẹ́lì. Wáyà láti ara sẹ́nsọ̀ ń wọ inú rẹ̀, wáyà mìíràn ń jáde lọ sí ara ẹ̀rọ. Sẹ́nsọ̀ ni ojú àti imú rẹ̀: òun ni ó ń sọ fún un bí ooru ti pọ̀ tó, bí omi ti kún tó nínú táǹkì, bí èéfín bá wà tàbí kò sí. Ohun tí sẹ́nsọ̀ bá sọ ni kọ̀ntírólà ń gbà gbọ́. Kò lè dìde lọ wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹta, ní àkókò tí gbogbo wa mọ̀ pé oòrùn Ìbàdàn kì í ṣeré, gbọ̀ngàn náà gbóná bí ilé ìdáná. Wọ́n wo ojú kọ̀ntírólà, ó ní gbọ̀ngàn náà tutù dé ìwọ̀n 40 lábẹ́ òdo. Ẹ gbọ́ o! Ogójì lábẹ́ òdo, ní Ring Road, nínú oṣù Kẹta! Inú fírísà àwọn ẹlẹ́ja ní Bódìjà pàápàá kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Kọ̀ntírólà gba ohun tí ó gbọ́ gbọ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ibẹ̀ ti tutù tó báyìí, kí ni a tún ń fi ẹ̀rọ amúlétutù ṣe? Ó bá pa á.

Máníjà dé, ooru mú un, inú bí i. Kò bèèrè pé kí ni ó ṣe ẹ̀rọ. Ohun tí ó bèèrè ni pé, "Ta ni ó fọwọ́ kan páńẹ́lì yìí gbẹ̀yìn?" Wọ́n ní ọmọ wa ni, pé ní ọjọ́ Sátidé ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rán an. Máníjà ní, "Ìwọ ni o jó bọ́ọ̀dù wa." Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo pa iná kí n tó gbọn ọ́n." Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, kúérì ti dé ọwọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ìdájọ́ ti jáde: wọn yóò máa yọ owó bọ́ọ̀dù lára owó-oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n gbé bọ́ọ̀dù tuntun wá, wọ́n dè é mọ́ ibẹ̀, wọ́n tan iná. Kí ni ó kà? Ogójì lábẹ́ òdo! Ṣé wọ́n wá bẹ ọmọ náà? Rárá o. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀dù tuntun náà ti bàjẹ́ láti ibi tí wọ́n ti rà á.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n wa kan, tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ iná láti ìgbà tí NEPA ṣì wà, mú mítà tiwọn wá láti ilé. Owó ara wọn ni wọ́n fi rà á, nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà, pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, kò ní mítà kan ṣoṣo tí ó ń ṣiṣẹ́. Kò tó wákàtí kan tí àṣírí fi tú. Bọ́ọ̀dù tuntun dára. Bọ́ọ̀dù àtijọ́ dára. Sẹ́nsọ̀ dára. Eku ni ó jẹ wáyà lókè àjà. Eku jẹ wáyà, òṣìṣẹ́ ń san owó! Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí? A mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ, ìdí nìyí tí a fi ń kọ̀wé yìí.

ẸNI TÍ Ó GBỌ́ ẸJỌ́ ẸNÌKAN DÁ

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí kọ̀ntírólà bá ń sọ ìsọkúsọ, àwọn mẹ́ta ni a ní láti fura sí: sẹ́nsọ̀, wáyà, àti kọ̀ntírólà fúnra rẹ̀. Máníjà yẹn kò gbọ́ ẹjọ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnì kẹrin, tí kò sí nínú ẹjọ́ rárá, ni ó dá lẹ́bi. Mítà ni a fi ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, a ó sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ṣe ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lè rántí, kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ ohun tí yóò bèèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé kúérì wá bá a.

Sẹ́nsọ̀ ooru tí ó wà ní gbọ̀ngàn yẹn jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní thermistor, ó sì wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ńlá. Ohun tí ó ń ṣe kò ju pé ìdènà tí ó ń ṣe fún iná ń dínkù bí ooru bá ti ń pọ̀ sí i. Ohm ni a fi ń ka ìdènà yìí. Ní ìwọ̀n ooru 25, irú tiwọn yẹn ń ka 10,000 ohm. Bí ibi tí ó wà bá gbóná dé 30, yóò wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 8,000. Bí ó bá tutù dé òdo, yóò gòkè lọ sí nǹkan bí 32,000. Bí wáyà rẹ̀ bá já pátápátá ńkọ́? Ìdènà náà kò ní òpin mọ́, kọ̀ntírólà yóò sì rò pé òtútù tí ó ju òtútù lọ ni. Bí wáyà méjèèjì bá fi ara kan ara, ìdènà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, kọ̀ntírólà yóò rò pé iná ń jó níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́, bí ó ti rí 40 lábẹ́ òdo báyìí, wáyà tí ó já ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sí, kì í ṣe ọmọ ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n wa kọ́kọ́ fi mítà sí ipò fóòtì, wọ́n wò bóyá iná àjèjì kankan wà lórí wáyà sẹ́nsọ̀ náà. Nínú páńẹ́lì kan náà, iná 24 fóòtì lè wà, iná 230 fóòtì sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi mítà tí ó wà ní ipò ohm kan iná yẹn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti mítà ta tẹ́tẹ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ewu, wọ́n pa iná kọ̀ntírólà, wọ́n tú wáyà sẹ́nsọ̀ méjèèjì kúrò lẹ́nu kọ̀ntírólà. Ẹ má fo ibí yìí o. Bí a kò bá tú u, ohun tí ó wà nínú bọ́ọ̀dù yóò dá sí ọ̀rọ̀ náà, mítà yóò sì kà á pọ̀ mọ́ ti sẹ́nsọ̀. Ẹlẹ́rìí méjì kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n fi ẹnu mítà méjèèjì kan ara wọn ná, mítà ka òdo, ó fi hàn pé òun kò purọ́. Wọ́n wá fi wọ́n kan wáyà méjèèjì. Mítà kò ka nǹkan kan, ó ní ọ̀nà já. Ọ̀rọ̀ kúrò lọ́rùn bọ́ọ̀dù níbẹ̀ yẹn, torí bọ́ọ̀dù kò sí nínú ohun tí a wọ̀n. Wọ́n gun àkàbà lọ sí ara ògiri tí sẹ́nsọ̀ wà, wọ́n tú u, wọ́n wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Ó ka nǹkan bí 8,000, bẹ́ẹ̀ ni gbọ̀ngàn ń ṣe 30. Sẹ́nsọ̀ jàre.

Ó ku wáyà. Wọ́n lọ́ orí wáyà méjèèjì pọ̀ lọ́dọ̀ọ́ sẹ́nsọ̀, wọ́n padà sí páńẹ́lì, wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Ká ní wáyà náà dára ni, ìwọ̀n ohm díẹ̀ ni ìbá kà, mítà ìbá sì dún píì. Kò dún. Wáyà já. Wọ́n yọ pákó àjà, wọ́n rí ibi tí eku ti gé e jẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Láti fi òpin sí àríyànjiyàn, wọ́n mú rẹsísítọ̀ kékeré kan tí ó jẹ́ 10,000 ohm, wọ́n dè é mọ́ ẹnu kọ̀ntírólà ní àyè sẹ́nsọ̀, wọ́n tan iná. Ojú kọ̀ntírólà ka 25. Wọ́n gbé bọ́ọ̀dù àtijọ́ padà, èyí tí wọ́n ní ọmọ wa jó, wọ́n de rẹsísítọ̀ mọ́ ọn. Òun náà ka 25! Owó rẹsísítọ̀ yìí kò tó owó àkàrà àti ẹ̀kọ. Òun ni ó dá ọmọ wa láre, nígbà tí máníjà, kúérì àti ìwé ìdájọ́ ti dá a lẹ́bi tán.

A fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun kan. Kì í ṣe gbogbo sẹ́nsọ̀ ni ó ń sọ èdè kan náà. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní Pt1000. Ní ìwọ̀n òdo ó ń ka 1,000 ohm, ní 30 ó ń ka nǹkan bí 1,117. Òun ń gòkè bí ooru bá ń gòkè. Bí wáyà tirẹ̀ bá já, kọ̀ntírólà yóò pariwo ooru, kì í ṣe òtútù. Èyí ni a fi ń sọ pé kí ìwé tí kọ́ńtíráátọ̀ fi sílẹ̀ wà nínú ilé, kí a lè mọ irú èyí tí a dè mọ́ ibẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé náà dà bí adájọ́ tí kò gbọ́ èdè ẹlẹ́rìí.

ÀWỌN ÌYÓKÙ

Táǹkì omi orí òrùlé ńkọ́? Ní Àgbowó àti Bódìjà, níbi tí ilé akẹ́kọ̀ọ́ àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti pọ̀ bí ewé rúmọ̀, ṣíìṣì tí ń léfòó lórí omi ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé omi ti kún. Òun kò ní ohm tí a ń kà. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ tú wáyà rẹ̀, ẹ fi mítà sí ibi tí ó ń dún, ẹ gbé ohun tí ń léfòó náà sókè, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ń dún tí ó ń dákẹ́, ó yè. Bí ó bá dákẹ́ títí tàbí tí ó dún títí, òun ni ó fa á tí omi fi ń ṣàn sílẹ̀ lálẹ́, kì í ṣe ọ̀dẹ̀ tí ó sùn.

Àwọn sẹ́nsọ̀ mìíràn ń fi iná kékeré sọ̀rọ̀. Òmíràn ń fi fóòtì sọ ọ́, láti òdo dé 10. Òmíràn ń fi mílíámpù sọ ọ́, láti 4 dé 20. Ẹ lè bèèrè pé kí ló dé tí kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo? Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Bí ohun tí ó ń wọ̀n bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, yóò fi 4 ránṣẹ́. Bí a bá wá rí òdo, a mọ̀ pé kì í ṣe sẹ́nsọ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, wáyà ni ó já tàbí iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti wọn mílíámpù, a ní láti já wáyà kan kí a sì fi mítà sí àárín, kí iná náà gba inú mítà kọjá. Nígbà tí a bá sì ti wọ̀n ọ́n tán, kí a dá wáyà mítà padà sí ihò fóòtì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé, tí ó fi ihò ámpù lọ wọn fóòtì, fíúsì mítà ni yóò kọ́kọ́ lọ bí Ọlọ́run bá yọ ọ́. Bí mítà náà bá jẹ́ ayédèrú tí kò ní fíúsì gidi, ó lè bú gbàù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń rò pé a ti gbàgbé yín, sẹ́nsọ̀ ooru tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì yín, ìbátan thermistor gbọ̀ngàn yẹn ni. Òun náà ń dín ìdènà rẹ̀ kù bí omi ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbóná. Mélòó nínú yín ni ọlọ́kọ̀ ti ní kí ó san owó nítorí pé ó "jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná" láti Challenge dé Ìwó Road, nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà ni ó bó tí ó ń kan ara irin? Bí ọwọ́ géèjì bá lọ sí pupa, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ wo omi. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Ṣùgbọ́n bí omi bá pé, tí ẹ́ńjìnnì kò sì gbóná, kí rẹ́wáyà yọ orí wáyà sẹ́nsọ̀ náà, kí ó fi mítà wọ̀n ọ́n, kí ọlọ́kọ̀ wà níbẹ̀ kí ó fojú ara rẹ̀ rí i, kí ó tó pe ẹnikẹ́ni ní abanijẹ́.

ÀWÍJÀRE ÀWỌN Ọ̀GÁ

Wọ́n ní owó mítà pọ̀. A ní irọ́ ni. Owó mítà gidi kan kò tó nǹkan kan lára owó bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi dọ́là rà tí wọn kò sì nílò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yẹn ra bọ́ọ̀dù nítorí pé kò ra mítà.

Wọ́n ní iṣẹ́ kọ́ńtíráátọ̀ ni, kì í ṣe tiwa. Ó dára. Bí iṣẹ́ wa kò bá dé ibẹ̀, báwo ni ẹ̀bi wa ṣe dé ibẹ̀? Ẹni tí wọn kò gbà láyè láti wọn wáyà, wọn kò lè ní òun ni ó jó bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n mú ọ̀kan: bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ tiwa, kí wọ́n fún wa ní irinṣẹ́ àti ẹ̀kọ́, bí kò bá jẹ́ tiwa, kí wọ́n mú kúérì wọn kúrò lọ́rùn wa.

Wọ́n ní irinṣẹ́ yìí ju ọgbọ́n òṣìṣẹ́ lọ. Èyí ni ó bí wa nínú jù. Ta ni ó ṣe mítà yìí ná? Donald Macadie, tí ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ronú rẹ̀, nígbà tí ó sú u láti máa gbé irinṣẹ́ mẹ́ta kiri, ọ̀kan fún ámpù, ọ̀kan fún fóòtì, ọ̀kan fún ohm. Ó pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú àpótí kan, ó sì jáde sọ́jà ní 1923. Lára lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, A, V àti O, ni orúkọ Avometer ti jáde, èyí tí àwọn àgbà oníná wa ṣì ń pe gbogbo mítà títí di òní. Ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ni ó dá a sílẹ̀ fún iṣẹ́. Kí wọ́n má sọ fún wa pé ó ju wá lọ.

ỌLỌ́PÀÁ TÍ WỌ́N DI LẸ́NU

Ewu kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó ju owó-oṣù lọ. Bí sẹ́nsọ̀ bá ń dá iṣẹ́ dúró, tí kò sí mítà, tí máníjà sì ń pariwo pé kí ẹ̀rọ ṣáà ti ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n máa ń ní kí òṣìṣẹ́ ṣe? Wọ́n á ní kí ó so wáyà méjèèjì pọ̀, kí kọ̀ntírólà lè rò pé gbogbo nǹkan dára. Wọ́n ń pè é ní ọgbọ́n. Àwa ń pè é ní dídi ọlọ́pàá lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí olè bá dé, ta ni yóò ké?

Gbogbo ẹni tí ó ń gba Dùgbẹ̀ kọjá mọ Cocoa House, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì 26 tí wọ́n parí ní 1965, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi ń yangàn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 1985, iná mú ilé náà. Kò ṣeé lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, 1992 ni wọ́n tó tún un ṣí. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa rántí èéfín ọjọ́ náà. Ẹ ronú sí i: ẹni tí ó jókòó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ogún kò lè fi imú ara rẹ̀ gbọ́ òórùn èéfín tí ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Sẹ́nsọ̀ ni imú rẹ̀. Bí wáyà sẹ́nsọ̀ náà bá ti já láti ọdún tó kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n, tàbí tí wọ́n ti so ó pọ̀ nítorí pé ariwo rẹ̀ ń dí máníjà lọ́wọ́, àwọn akọ̀wé, àwọn agbálẹ̀, àwọn ọ̀dẹ̀, gbogbo wọn ni ó ń sùn sẹ́nu ikún. Nítorí náà, a sọ ọ́ gbangba: kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan má ṣe so sẹ́nsọ̀ iná, sẹ́nsọ̀ èéfín tàbí sẹ́nsọ̀ bọ́ílà pọ̀ nítorí àṣẹ ẹnu. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe é, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ ó rí i pé bírò wọn kò ní yọ inkì lọ́jọ́ náà.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Òfin tí wọ́n ń pè ní Labour Act, èyí tí ó ti wà láti 1974, tí ó sì wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè ti 2004, sọ ọ́ ní abala 5 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn lára owó òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí ó fi àìbìkítà bà á jẹ́, agbanisíṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda nínú ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tí a yàn fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kí ó tó yọ kọ́bọ̀, ohun tí yóò sì yọ ní láti mọ níwọ̀n. Òfin kan náà ní gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ nínú oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ẹ gbọ́: "mọ̀ọ́mọ̀" tàbí "àìbìkítà" ni òfin wí. Báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe lè sọ pé òṣìṣẹ́ kò bìkítà, nígbà tí kò tíì wọ̀n ọ́n láti mọ ohun tí ó bàjẹ́ gan-an? Ta ni ó fún máníjà Ring Road yẹn ní ìyọ̀ǹda? Ìwé rẹ̀ dà? A ti bèèrè, wọn kò tíì rí i mú wá.

ẸJỌ́ TIWA NÁÀ

A kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ń fi ẹ̀bi tirẹ̀ pamọ́. Nínú wa náà, àwọn kan wà tí wọ́n jẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá ti kọṣẹ́, pààrọ̀-pààrọ̀ ni iṣẹ́ wọn: wọ́n á yọ èyí, wọ́n á fi tòmíràn sí i, títí tí yóò fi bọ́ sí i. Àwọn kan ní mítà ṣùgbọ́n wọn kì í wo bátìrì rẹ̀, ó ń purọ́ fún wọn, wọ́n ń gbà á gbọ́. Àwọn kan ń dá nìkan ṣiṣẹ́ nínú páńẹ́lì tí iná wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè ní àwọn láyà. Láyà kọ́ nìyẹn. Ìyàwó àti ọmọ ni ó ń jẹ gbèsè irú láyà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n má dá òun lẹ́bi láìwọ̀n, kí òun náà má ṣe dá ẹ̀rọ lẹ́bi láìwọ̀n. Kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, sẹ́nsọ̀ wo, kí ni mítà kà, ta ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n lè fi ariwo bò mọ́lẹ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí, ó ṣòro láti bò.

OHUN TÍ A Ń BÈÈRÈ

A kò tọrọ báárà. Ẹ̀tọ́ wa ni à ń bèèrè, ó sì pé mẹ́fà:

1. Kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ra mítà gidi tí ó ní fíúsì tí ó pé, ó kéré tán ọ̀kan fún ẹgbẹ́ ìyípadà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú wáyà mítà tí ara rẹ̀ kò bó.

2. Kí ìwé ìwọ̀n wà nínú gbogbo páńẹ́lì, kí a máa wọn sẹ́nsọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ara rẹ̀ dá, kí a lè mọ̀ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá dá.

3. Kí kúérì kankan má ṣe jáde lórí ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ títí di ìgbà tí a bá wọn sẹ́nsọ̀, wáyà àti kọ̀ntírólà lójú aṣojú ẹgbẹ́.

4. Kí àwòrán wáyà àti ìwé ẹ̀rọ tí kọ́ńtíráátọ̀ mú wá wà níbi tí òṣìṣẹ́ yóò ti rí i kà, kí wọ́n má ṣe tì í mọ́ inú àpótí máníjà.

5. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní iṣẹ́ yìí ní àkókò iṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣíwọ́.

6. Kí wọ́n dá gbogbo owó tí wọ́n ti yọ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ring Road padà fún un, kí wọ́n fa kúérì rẹ̀ ya, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà pé kò jẹ̀bi.

Oṣù méjì ni wọ́n ti yọ nínú owó náà kí àṣírí tó tú. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, wọn kò tíì dá a padà. Wọ́n ní "wọ́n ń wò ó." Kí ni wọ́n ń wò? Eku ni? Ọmọ náà ní ilé tí ó ń san owó rẹ̀ ní Mọ́léte, ó ní ìyá tí ó ń fún ní owó oògùn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ owó rẹ̀, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi wò ó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀ ní púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ti ṣèlérí pé àwọn yóò mú mítà àti sẹ́nsọ̀ àti rẹsísítọ̀ wá, àwọn yóò sì fi han ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ, oníná tàbí awakọ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹni tí ó bá ní kúérì lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ tí wọn kò wọ̀n, kí ó mú un dání, kí akọ̀wé ẹ̀ka lè gbà á sílẹ̀. Bí a bá dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò máa mú wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó wí.